Rashidi Yekini, Ọmọ Kaduna Tó Pàdánù Lẹ́ẹ̀mẹ́rin Kó Tó Gba Ife Áfíríkà

Ibi yòówù kí ọmọ Yorùbá méjì ti pàdé nílẹ̀ Hausa, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá ti wọ̀ ọ́, orúkọ Rashidi Yekini ò ní ṣàì jáde. Ohun tí gbogbo èèyàn sì máa kọ́kọ́ rántí ni ọkùnrin gíga kan tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, tó di okùn mú, tó ń ké. Góòlù tó gbá wọlé lọ́jọ́ yẹn ni góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà gan-an mọ àwòrán ẹ̀.

Ṣùgbọ́n góòlù yẹn kọ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù lónìí. Ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ẹ̀ la fẹ́ sọ. Láàárín ọdún 1984 sí 1990, ọkùnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ tó dé àṣekágbá ìdíje ńlá ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì pàdánù. Apá ibẹ̀ kì í sábà wà nínú ohun tí à ń sọ fún àwọn ọmọ.

Ohun tí à ń rí ní Barakallahu níbí ló jẹ́ ká gbé e jáde. Àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò ní àwọn kíláàbù, wọ́n ń bá iléèwé wọn lọ síbi ìdíje ìwé. Èyí tó bá gbégbá orókè, a ó pa adìyẹ fún un. Èyí tó bá ṣe ipò kejì, ńṣe la ó máa bi í pé kí ló ṣe é. Ọmọ kan ládùúgbò wa lọ fún ìdánwò kíláàbù lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò mú un. Bàbá ẹ̀ ní kó ta bàtà bọ́ọ̀lù náà, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ò burú o, òun náà ló bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó ń dùn wá ni pé nínú ilé yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ náà fi ọdún méjì ṣòfò, pé ẹni tó bá ti pàdánù ò mú nǹkan kan bọ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká wo ìgbésí ayé Rashidi, ká wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọmọ Ira tí wọ́n bí sí Kaduna

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní ìlú Kaduna. Kaduna ni olú ìlú ẹkùn Àríwá nígbà náà. Ará Ira ni ìdílé ẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní tòsí Ọ̀ffà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn ò nílò ká ṣàlàyé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dàgbà. Nílé, wọ́n á máa pè é ní ọmọ Ira. Níta, ọmọ Kaduna ni. Tó bá sì dé Ira, wọ́n á ní ọmọ òkè Ọya ti dé.

Ibi tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn sóde ni kíláàbù ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL, tó wà ní Kakuri. Ẹni tó bá ti Barakallahu ń lọ síbẹ̀ yóò gba Kawo, yóò la gbogbo ìlú kọjá, yóò sọdá odò Kaduna kó tó débẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn ló ń bọ́ ìdílé púpọ̀ ní Kaduna láyé ìgbà yẹn, ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. UNTL ti ilẹ̀kùn pa lọ́dún 2007, ọ̀pọ̀ èèyàn sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1981, iná ń jó níbẹ̀, ẹ̀rọ ń ké, ilé iṣẹ́ náà sì ní kíláàbù bọ́ọ̀lù tiẹ̀. Níbẹ̀ ni Rashidi ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Lọ́dún 1982, Shooting Stars ti Ìbàdàn mú un. Ọmọ tí wọ́n bí sókè Ọya wá di ẹni tí wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀ nílé Yorùbá. Lọ́dún 1983, Shooting Stars gba ife líìgì Nàìjíríà. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan máa rò pé ọ̀nà ti là gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ọdún 1984 ń bọ̀.

Ọdún kan, àṣekágbá méjì

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Green Eagles nígbà yẹn lọ sí Ivory Coast fún Ife Áfíríkà. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Rashidi wà lára àwọn tó kó lọ, ọmọ ogún ọdún ni. Wọ́n jà títí wọ́n fi dé àṣekágbá pẹ̀lú Kamẹrúùnù ní Abidjan. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà. Inú gbogbo wa dùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti bàjẹ́: Kamẹrúùnù dá ọ̀kan padà, wọ́n tún fi méjì lé e, ó di 3 sí 1.

Ọdún yẹn ò tíì parí. Shooting Stars náà ń bá ìdíje àwọn kíláàbù Áfíríkà lọ, wọ́n sì dé àṣekágbá. Zamalek ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ní Cairo, Zamalek jẹ góòlù méjì. Nígbà tí wọ́n wá sí Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá, tí àwa èèyàn ilé rò pé wọ́n á fimú wọn dánrin, Zamalek tún jẹ ẹyọ kan lé e. Shooting Stars ò rí ẹyọ kan jẹ.

Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ogún ọdún wà nínú ẹgbẹ́ méjì tó pàdánù ife méjì tó tóbi jù ní Áfíríkà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Rashidi kọjá sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, kíláàbù olóògbé MKO Abíọ́lá. Abiola Babes gba ife Challenge Cup Nàìjíríà lọ́dún 1985, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1987.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun kan tó yẹ kí àwa arìnrìn-àjò fara balẹ̀ wò. Lọ́dún 1987, ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ sí Africa Sports, ní Abidjan. Abidjan yìí kan náà tí Kamẹrúùnù ti lù wọ́n. Ìlú tí òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣubú ló lọ fi ṣe ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ará Èjìgbò, tí àwọn èèyàn yín ti ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran, ẹ mọ̀ pé ìlú ò lọ́rẹ̀ẹ́ ò sì lọ́tàá. Ẹni tó bá ń bínú sí ọjà tí kò tà á lọ́jọ́ kan ò ní padà dé ọjà náà mọ́, ẹlòmíràn á sì ti gba ìsọ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Rashidi fi wà ní Abidjan. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti rí i.

Wọ́n tún pàdánù, wọ́n tún padà lọ

Lọ́dún 1988, Ife Áfíríkà wáyé ní Móróko. Nàìjíríà tún dé àṣekágbá, Kamẹrúùnù náà ni wọ́n tún bá pàdé. Henry Nwosu kan bọ́ọ̀lù wọlé, rẹfirí ní òun ò kà á. Títí dòní, àwọn tó dàgbà jù wá lọ ṣì ń jà lórí góòlù yẹn tí wọ́n bá ti jókòó síbi ayò ọlọ́pọ́n. Nígbà tó yá, Kamẹrúùnù rí pẹnárítì, Emmanuel Kundé gbá a wọlé. Ó parí sí 1 sí 0. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Seoul, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbá níbẹ̀, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún 1990 ló wá dà bí ẹni pé Ọlọ́run fẹ́ fi nǹkan hàn wá. Àlùjéríà ló gbàlejò Ife Áfíríkà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Clemens Westerhof láti orílẹ̀-èdè Netherlands, ló kó àwọn Super Eagles lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pátápátá, Àlùjéríà nà wọ́n ní 5 sí 1. Márùn-ún! Nílé wa níbí, àwọn èèyàn ti ń ní kí wọ́n máa bọ̀ wálé, pé kí wọ́n má tún dójú tì wá ju báyìí lọ.

Wọn ò bọ̀ wálé. Wọ́n na Íjíbítì 1 sí 0. Wọ́n na Ivory Coast 1 sí 0. Wọ́n na Sáḿbíà 2 sí 0. Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn lílù yẹn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, àwọn àti Àlùjéríà tún kojú ara wọn ní pápá, ní àṣekágbá. Lójú àwọn èrò Algiers, góòlù kan ṣoṣo ni Àlùjéríà rí jẹ, Chérif Oudjani ló gbá a. Àlùjéríà ló gba ife. Nàìjíríà pàdánù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi 5 sí 1 wé 1 sí 0, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lílù àkọ́kọ́ yẹn ló fi ihò ara ẹgbẹ́ náà hàn, wọ́n sì rí i dí. Ká ní wọ́n ti rọra borí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, bóyá ihò yẹn ì bá wà níbẹ̀ títí.

Bẹ́ẹ̀ ni Rashidi ṣe di ẹni tó pàdánù àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹ́rin: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú Shooting Stars.

Pọ́túgà, àti ìpele kejì

Lọ́dún 1990 yẹn kan náà ló lọ sí Pọ́túgà, sí kíláàbù kan tí wọ́n ń pè ní Vitória, ní ìlú Setúbal. Nígbà tí sáà àkọ́kọ́ ẹ̀ níbẹ̀ fi máa parí lọ́dún 1991, kíláàbù náà já sí ìpele kejì. Ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Yúróòpù, kíláàbù tó gbà á já wálẹ̀ lójú ẹ̀! Rashidi dúró. Ọdún méjì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì, ó ń da góòlù sáwọ̀n, títí kíláàbù náà fi padà sókè lọ́dún 1993.

Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n lọ sí Ife Áfíríkà ti ọdún 1992 ní Sẹ̀nẹ̀gà. Gánà lé wọn dànù ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n bá Kamẹrúùnù du ipò kẹta, lọ́tẹ̀ yìí Nàìjíríà ló borí. Rashidi ló jẹ góòlù jù nínú ìdíje náà, mẹ́rin ló jẹ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í so èso. Wọ́n yan Rashidi ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún ọdún 1993. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ yẹn. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló jẹ ní líìgì àgbà Pọ́túgà, kò sí ẹni tó jẹ tó o, nínú kíláàbù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsàlẹ̀ gòkè wá.

Ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ọdún 1994, wọ́n lọ sí Tùnísíà fún Ife Áfíríkà. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí Rashidi ti ń lọ síbi ìdíje yìí. Góòlù márùn-ún ló jẹ níbẹ̀, òun náà ló tún jẹ jù. Ní àṣekágbá, Sáḿbíà ni wọ́n bá pàdé, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ òfuurufú tó já létí òkun Gabon lọ́dún 1993 pa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n tò jọ láàárín ọdún kan ló dé àṣekágbá yẹn, àwọn ló sì kọ́kọ́ jẹ góòlù. Emmanuel Amunike gbá méjì wọlé fún Nàìjíríà, ó di 2 sí 1. Rashidi gbé ife náà lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Sáḿbíà pàdánù, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín? Gbogbo Áfíríkà ló ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ ò rí i pé àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ẹni tó ṣe ipò kejì sí, tí a bá fẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí iwájú ilé Bùlùgáríà, Rashidi sì tì í wọlé. Ìgbà yẹn ló ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n. Nàìjíríà borí ní 3 sí 0.

Lẹ́yìn ayọ̀

Tí a bá parí ìtàn náà síbẹ̀, irọ́ la pa fún yín. Kì í ṣe gbogbo ìpàdánù ló ń bí ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni ìṣẹ́gun kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni títí ayé. Ní Ife Àgbáyé yẹn kan náà, ó ku díẹ̀ kí Nàìjíríà borí Ítálì ni Roberto Baggio dá góòlù padà, ó sì tún fi pẹnárítì lé wọn lọ sílé. Rashidi lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, kò dùn níbẹ̀. Ó lọ sí Sporting Gijón ní Spéìn, kò tún rí bó ṣe fẹ́. Ó padà sí Setúbal, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ó dé Zürich ní Switzerland, ó sì bá Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé ti ọdún 1998 ní Faransé, ibi tí Denmark ti nà wọ́n ní 4 sí 1. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Tùnísíà àti Saudi Arabia, ó tún padà sí Africa Sports ní Abidjan. Nígbẹ̀yìn, ó wá sílé, ó bá Julius Berger gbá, ó sì bá Gateway ti Abẹ́òkúta gbá lọ́dún 2005, nígbà tó ti lé lógójì ọdún.

Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Títí ó fi kú, kò sí ẹni tó bá a níbẹ̀.

Ìbàdàn ló fi ṣe ibùgbé. Ara ẹ̀ ò yá fún ìgbà pípẹ́ kó tó di pé ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹni ọdún 48. Wọ́n gbé e lọ sí Ira, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àjò ò dùn kí onílé má relé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kaduna, tó jẹun ní ilẹ̀ mẹ́jọ, ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ló gbà á.

Ohun tó mú bọ̀

Kí wá ni Rashidi rí gbà nínú àṣekágbá mẹ́rin yẹn? Àwa oníṣòwò lè fi ọjà ṣàlàyé ẹ̀. Oníbàárà tó ná ọjà tí kò rà, kò fún ọ lówó, ṣùgbọ́n ó ti rí ìsọ̀ ẹ, ó ti mọ ohun tí ò ń tà. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ rà, ó mọ̀nà. Ẹni tó pàdánù ní àṣekágbá, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù ti rí i níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò dé ibi tó ti ṣubú. Láti ọdún 1984 títí dé 1994, gbogbo ìgbà tí Nàìjíríà dé àṣekágbá, Rashidi wà lára àwọn tí wọ́n pè. Wọn ò pè é nítorí pé ó gba ife. Wọ́n pè é nítorí pé ó ti débẹ̀ rí, ó sì tún fẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sórí bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Kaduna nígbà wàhálà ọdún 2000 mọ bó ṣe rí láti jí lọ́jọ́ kan kí ṣọ́ọ̀bù má sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan padà sílé, kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Àwọn kan tún gba ìsọ̀ sínú ọjà kan náà. Àwọn tó padà bẹ̀rẹ̀ yẹn làwọn tuntun tó bá ti ilé dé lónìí máa ń lọ bá, torí wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága àti ìyá ẹgbẹ́ wa káàkiri, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá tún ti ibi ìdíje dé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe ipò kejì àti ìkẹta sínú ìwé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ti ẹni tó gbà á. Ẹ fún wọn lóúnjẹ kan náà. Ká tó bi ọmọ pé ta ló gba ife, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí níbẹ̀, àti pé ìgbà wo ló tún ń lọ.